Ẹ̀ṣọ́ Ojú Fèrèsé

Ìyá Látífàt bu eérú díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó na ọwọ́ síwájú, ó sì jẹ́ kí eérú náà máa gba àárín ìka rẹ̀ dà sílẹ̀. Kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì. Orí bàtà rẹ̀ gan-an ni ó bọ́ sí.

"Ó dáa," ó ní. "Afẹ́fẹ́ ti dákẹ́. Òní gan-an lọjọ́ ẹja."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Ẹ̀pẹ́ nìyẹn, létí ọ̀sà, níbi tí wọ́n ti bí i. Ìyá rẹ̀ àti ìyá ìyá rẹ̀ kì í yan ẹja lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́, nítorí afẹ́fẹ́ a máa ru iná sókè, iná a jó ẹ̀yìn ẹja, inú rẹ̀ a sì wà ní tútù. Ọjọ́ tí imọ̀ àgbọn kò bá mì ni wọ́n ń dáná sábẹ́ ẹja. Nígbà tí obìnrin náà dé Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, ó gbé ọgbọ́n yìí dání wá, ó sì tún fi tirẹ̀ kún un: bí afẹ́fẹ́ kò bá fẹ́, èéfín kò ní ya ilé onílé, ẹnikẹ́ni kò sì ní fi òun sun káńsù, ìjọba ìbílẹ̀ wọn. Ọgbọ́n Ẹ̀pẹ́ kò burú. Ẹ̀pẹ́ ni ó dára fún.

Ilé alájà mẹ́ta ni wọ́n ń gbé, àwọn ni wọ́n wà nísàlẹ̀, wọ́n sì ní àgbàlá kékeré kan lẹ́yìn ilé. Níbẹ̀ ni àgbá onírin tí wọ́n gé láàárín wà, tí wọ́n tẹ́ àwọ̀n wáyà sí lórí. Ẹja àrọ̀ ni ó kún orí wáyà náà ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta yẹn, wọ́n ká ìrù wọn bọ ẹnu wọn, wọ́n ń dán. Aunty Rosaline tí ó ń gbé lókè wọn ni ó bá ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ gbé iṣẹ́ ẹja náà fún un, fún ìdúpẹ́ ìparí ọdún. Mùsùlùmí ni Ìyá Látífàt, ṣùgbọ́n ẹja kò mọ ẹ̀sìn, àwọn obìnrin méjèèjì sì ti di tẹ̀gbọ́n-tàbúrò láti ọjọ́ tí wọ́n ti jọ ń gbé ilé náà. Aunty Rosaline ní ọmọ kan ṣoṣo, Jabez, ọmọ ọdún méje, ẹlẹ́nu dídùn, ẹlẹ́rìn-ín. Jabez ní ikọ́ fée. Pọ́ǹpù tí ó ń fà sẹ́nu kì í jìnnà sí i.

Látífàt dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ àpò jákẹ́ẹ̀tì, òtútù ń mú un. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ọlọ́pọlọ pípé. Ó mọ nǹkan kan tí ìyá rẹ̀ kò mọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, Mísítà Ọlátòkunbọ̀ tí ó ń kọ́ wọn ní jọ́gíráfì gbé ìgò ńlá kan wá sí kíláàsì. Ó da yìnyín sí ìsàlẹ̀ ìgò náà, ó fi aṣọ tí ó ti rì bọ omi gbígbóná we ọrùn rẹ̀, ó sì ti igi tùràrí tí ó ń rú èéfín bọ inú rẹ̀. Gbogbo wọn ń retí kí èéfín gòkè. Kò gòkè. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ sí ìdajì ìgò, ó ń nípọn sí i. Olùkọ́ béèrè ohun tí ó fà á, Látífàt sì nawọ́.

"Sà, ilẹ̀ tutù, afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ náà tutù, ó wúwo. Èyí tó móoru wà lókè. Tòkè wá dé tìsàlẹ̀ pa bí ọmọrí ìkòkò."

Olùkọ́ ní ó gbà á. Ó ní bí ìlú ńlá ṣe ń rí nìyẹn ní ìgbà òtútù, lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ bá dákẹ́. Ohun gbogbo tí ìlú bá mí jáde, abẹ́ ọmọrí ni yóò wà: èéfín mọ́tò, eruku táyà àti ti bíréèkì, èéfín ẹ̀rọ tí ń mú ilé gbóná, àti ti àwọn ẹni tí ń ki igi bọ sítóòfù kí pálọ̀ wọn lè rí bí ti inú ìwé ìròyìn. Nígbà mìíràn, ti oko àti ilé iṣẹ́ òkè òkun náà a tún wá bá a. Nínú gbogbo rẹ̀ ni eruku kan wà tí ó kéré débi pé ojú kò rí i, imú kò sì lè dá a dúró. Ó ń gba inú ẹ̀dọ̀fóró kọjá sínú ẹ̀jẹ̀. Kíláàsì pàtẹ́wọ́ fún Látífàt lọ́jọ́ náà.

Nítorí náà ó mọ̀ ọ́n. Nígbà tí eérú bọ́ sórí bàtà ìyá rẹ̀, ó la ẹnu láti sọ ọ́. Ó tún pa á dé. Bí wọ́n bá sún ẹja sí ọ̀la, ọ̀la ni òun náà yóò jókòó ti àgbá, ọ̀la sì ni ẹgbẹ́ wọn fẹ́ lọ wo sinimá fún ọjọ́ ìbí Kánsọ́lá, ọ̀rẹ́ wọn. Òtítọ́ ti dé orí ahọ́n rẹ̀, ó sì gbé e mì.

Ìyá rẹ̀ ti ń wọ kóòtù. Kennington ni ó ń lọ, níbi tí ó ti ń tọ́jú baba arúgbó kan.

"Látífàt, ṣé ò ń gbọ́ mi? Igi gbígbẹ yìí nìkan ni kó o lò, díẹ̀díẹ̀. Má fi àgbá sílẹ̀ lọ síbì kankan. Mummy Jabez ṣẹ̀ṣẹ̀ ti night shift dé, ó ti lọ sùn. Mo ti ní kó ti gbogbo window, ó sì ti tì wọ́n."

"Yes, Mummy."

"Tó o bá gbọ́ ikọ́ Jabez, ẹ̀ẹ̀kan péré, da omi sí iná. Má wojú ẹja rárá. Ẹja kì í ṣe ọmọ."

"Mo gbọ́, Mummy. I'm not a baby."

"Mo mọ̀. Ìdí tí mo ṣe lè fi iná sílẹ̀ fún ẹ nìyẹn."

Ó dáná sábẹ́ ẹja, ó gbé korobá omi kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbá, omi náà kún dé ẹnu, ó sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Kò pẹ́ tí ó lọ ni èéfín ti bẹ̀rẹ̀ ohun tí Mísítà Ọlátòkunbọ̀ fi hàn wọ́n. Ó gòkè díẹ̀, ó dúró, ó sì tẹ́. Ó gba ara ògiri lọ títí dé fèrèsé àjà kejì. Igi gbígbẹ ni, èéfín náà kò tíì pọ̀, Látífàt sì ń sọ fún ara rẹ̀ pé kò burú. Fóònù rẹ̀ dún. Shiloh ni, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ilé ẹ̀kọ́.

"Látí, tickets ti ọ̀la ti tán o. Kánsọ́lá ti yí i sí today. Ọ̀sán yìí ni. Níbo lo wà?"

"Mi ò lè wá. Mò ń ṣọ́ ẹja Mummy mi."

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́yìn Shiloh. Wọ́n pọ̀ níbẹ̀.

"Fish again? Jacket ẹ gan-an ń rùn bíi fish, bruv. Tó ò bá wá, it's calm, àá fún Rahmah ní ticket ẹ."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa sọ ọ́. Ó ti fọ jákẹ́ẹ̀tì náà títí àwọ̀ rẹ̀ fi ń ṣí, òórùn èéfín kò kúrò nínú rẹ̀. Kò sí ohun tí ó le tó kí ẹgbẹ́ ẹni máa fi ohun tí ìyá ẹni ń ṣe jẹun ṣe ẹlẹ́yà, ẹni tí ó bá ti ṣe ọ̀dọ́ rí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ojú ti Látífàt. Láti inú ìtìjú yẹn ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá bí òun yóò ṣe wà ní ibi méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Igi gbígbẹ ń tètè jó tán, ènìyàn gbọ́dọ̀ máa fi òmíràn kún un. Ṣùgbọ́n lẹ́bàá títì, àwọn kọ́lékọ́lé kan ti da pátákó àtijọ́ jọ sínú àpótí irin ńlá: férémù ilẹ̀kùn, pákó tí wọ́n kùn lọ́dà, gbogbo rẹ̀ ti mu omi ìrì. Igi tútù kì í jó tán bọ̀rọ̀. Ìyá rẹ̀ kì í jẹ́ kí irú igi bẹ́ẹ̀ dé ìtòsí ẹja, Látífàt sì mọ̀. Ó lọ kó apá kan wá, ó tì í sí abẹ́ àgbá. Iná náà ṣe ṣíṣì, ó wọlẹ̀, èéfín tí ó jáde sì yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Ó dúdú, ó ki, ó ń ta ènìyàn lójú. Ó ń rá pálá lórí ilẹ̀ kí ó tó máa gba ara ògiri lọ.

Fèrèsé òkè ṣí.

"Aunty Látí! Ṣé fish ti ready?"

Jabez ni, ó wọ aṣọ ìsùn tí wọ́n ya kìnnìún sí, ó fi ìgbọ̀nwọ́ lé etí fèrèsé.

"Jabez! Ti window yẹn jàre."

"I can't see. Dígí ti fog up. Mo fẹ́ wo fire."

Ó sì wúkọ́. Ikọ́ náà kò pariwo. Ó gbẹ, ó kúrú, àmọ́ nígbà tí ó fa èémí wọlé lẹ́yìn rẹ̀, ó ń dún fín-ín bí fèrè.

Látífàt gbọ́ ọ. Jọ̀wọ́, ìwọ tí ò ń ka ìtàn yìí, má gbàgbé pé ó gbọ́ ọ. Korobá omi wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó wo korobá, ó wo ẹja tí ìyá rẹ̀ ti fọ̀ tí ó sì ti fi iyọ̀ pa láti àárọ̀ kùtù, ó wo fóònù ọwọ́ rẹ̀. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé ọmọ yìí kúkú máa ń wúkọ́, pé ọ̀fìnkìn ni. Ìmọ̀ràn kan sì sọ sí i lọ́kàn, ó rí bí ìmọ̀ràn gidi.

"Jabez, ṣé wàá ṣe iṣẹ́ pàtàkì kan fún mi?"

"What?"

"Ìwọ ni security. Máa bá mi wo fire yìí. Tó o bá rí iná pupa tó yọ sókè, fi phone Mummy ẹ pè mí. Má jí Mummy o, ó ti rẹ̀ wọ́n. Mò ń bọ̀ now now. Tí mo bá dé, màá fún ẹ ní ìrù ẹja tó tóbi jù."

"The crispy one?"

"The crispy one."

Ojú ọmọ náà tàn. Ó dúró ṣánṣán, ó gbé ọwọ́ síwájú orí bí sójà.

"Yes, boss!"

Bí Látífàt ṣe fi ọmọ tí ikọ́ fée ń yọ lẹ́nu ṣe ẹ̀ṣọ́ èéfín nìyẹn, ní ojú fèrèsé tí ó ṣí sílẹ̀.

Ní ibùdókọ̀, pátákó oníná kan ń kọ ìkìlọ̀ lẹ́tà pupa pé afẹ́fẹ́ ìlú kò dára lónìí, kí ẹnikẹ́ni má dáná igi. Ó kà á tán, bọ́ọ̀sì dé, ó wọ̀ ọ́.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ fíìmù, wọ́n ní kí gbogbo ènìyàn pa ohùn fóònù. Látífàt pa tirẹ̀. Wọ́n jẹ gúgúrú, wọ́n rẹ́rìn-ín, Kánsọ́lá dì mọ́ ọn, ó ní òun mọ̀ pé yóò wá. Fíìmù náà gùn ju bí ó ṣe rò lọ. Títí di òní, kò rántí ohun tí ó dá lé lórí. Nígbà tí ó jáde, ilẹ̀ ti ń ṣú, bí ó ti máa ń tètè ṣú ní oṣù Kejìlá. Ó yọ fóònù. Orúkọ Aunty Rosaline kún ojú rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀: ó ti pè, ó tún pè, ó tún pè.

Ó sáré láti ibùdókọ̀ dé ilé. Iná búlúù ọkọ̀ ambúláǹsì ń yí lára ògiri, èéfín sì ti bo àgbàlá dé ìbàdí ènìyàn. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń gbé Jabez jáde, wọ́n ti fi nǹkan bo imú àti ẹnu rẹ̀, apá rẹ̀ rọ̀ dirodiro. Aunty Rosaline, tí ó jí bá a nílẹ̀ tí ó sì ké sí wọn, ń sáré tẹ̀ lé wọn láìwọ bàtà, aṣọ oorun ni ó wà lára rẹ̀ nínú òtútù yẹn.

"Jabez mi! Ẹ bá mi pe Jabez! Jésù, ọmọ mi!"

Látífàt gbé korobá, ó da omi náà sínú àgbá. Omi tí ó yẹ kí ó dà lọ́sàn-án ni ó wá ń dà nírọ̀lẹ́.

Ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú kò mọ́ bá Jabez.

Dókítà tí ó bá àwọn ìyá méjèèjì sọ̀rọ̀ kò fi nǹkan pamọ́. Ó ní èéfín àgbá yẹn nìkan kọ́ ni ó pa ọmọ náà. Ó ní láti bí ọjọ́ mélòó kan ni afẹ́fẹ́ ìlú ti dákẹ́, ti ìdọ̀tí rẹ̀ ti ń ga, àwọn ọmọ tí ó ní ikọ́ fée sì kún wọ́ọ̀dù àwọn. Mọ́tò wà nínú rẹ̀, sítóòfù àwọn olówó wà nínú rẹ̀, ti òkè òkun wà nínú rẹ̀. Ẹ̀dọ̀fóró Jabez ti wú kí wọ́n tó dá iná ọjọ́ náà. "Àmọ́," ó ní, ó sì wolẹ̀, "èyí tó wà lábẹ́ fèrèsé rẹ̀ ló sún mọ́ ọn jù."

Ìyá Látífàt gbọ́ èyí, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù.

Nígbà tí wọ́n dé ilé, ó pe ọmọ rẹ̀.

"Látífàt, wò mí lójú. Ṣé o gbọ́ ikọ́ ẹ̀?"

"Rárá, Mummy."

"Ṣé o kúrò nídìí àgbá?"

"Rárá. Toilet nìkan ni mo lọ. Phone mi wà lórí charge."

"Ó dáa." Ìyá náà mí kanlẹ̀. "Èmi ni nígbà náà. Mo da eérú, mo wo afẹ́fẹ́, mo ní ó dáa. Mo rò pé mo mọ̀ ọ́n."

Ó kó gbogbo ẹja náà dà sínú ike pàǹtí. Nígbà tí ọkùnrin káńsù wá béèrè ẹni tí ó dáná, ó ní òun ni, ó ní ọmọ òun kò mọ nǹkan kan. Ọkùnrin náà wo àjókù pákó ọlọ́dà nínú àgbá, ó béèrè ibi tí ó ti wá. Ìyá Látífàt tẹjú mọ́ ọn pẹ́, nítorí òun kọ́ ni ó kó o síbẹ̀. Ó yí ojú sí ọmọ rẹ̀, ọmọ náà sì ń wo ilẹ̀. "Èmi ni," ni ìyá tún wí.

Ìròyìn kì í pẹ́ kárí ní Peckham. Ní mọ́sáláàsì, àwọn obìnrin ń kí i tán, wọ́n ń yẹra díẹ̀díẹ̀. Ní ọjà Rye Lane, ẹnìkan nawọ́ sí i. Wọ́n ní obìnrin tó fi ẹja pa ọmọ ọlọ́mọ ni. Ó gbọ́ ọ, ó sì ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Látífàt wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbé àpò ọjà, òun náà gbọ́ ọ. Shiloh àti Kánsọ́lá mọ ibi tí ó wà lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n wọn kò pè é mọ́, wọ́n sì ń yà fún un ní ọ̀nà kíláàsì. Àwọn àgbà ní èéfín ni ìwà, bí a bò ó mọ́lẹ̀, rírú ni yóò rú. Inú Látífàt ni tirẹ̀ ti ń rú.

Aunty Rosaline kò wá jà. Ìbá ṣe pé ó jà ni, ì bá sàn. Láti òkè, wọ́n ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ó ń lọ láti yàrá sí ilé ìdáná, láti ilé ìdáná sí yàrá. Lọ́jọ́ kan lẹ́yìn ìsìnkú, Látífàt bá a níbi tí ó jókòó sí lórí àtẹ̀gùn, ó gbé fóònù lé orí orúnkún.

"Látífàt," ó ní, "ìwọ ni Jabez pè. Gbogbo ìgbà yẹn, ìwọ ló ń pè. Kí ló dé tí ò jí mi? Mo lo oògùn ọ̀fìnkìn kí n tó sùn. Ó ní láti jẹ́ pé ó wá jí mi, ó fọwọ́ kàn mí, tí mi ò gbọ́. Àbí? Mo sùn bí òkú, ọmọ mi ń pè mí. Ta ló tún ṣí window yẹn? Èmi fúnra mi ni mo tì í."

"Mi ò mọ̀, Aunty," ni Látífàt wí, ó sì kọjá lọ.

Ó dé inú yàrá, ó sì ti ilẹ̀kùn. Títí di ìgbà yẹn ó rò pé irọ́ òun kò pa ẹnikẹ́ni lára, nígbà tí Jabez ti kú, tí kò sì lè jí mọ́. Ó wá rí i pé ó ti gbé ẹ̀bi tirẹ̀ fún àwọn obìnrin méjì, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè, wọ́n sì ń rù ú, wọ́n ń rọ́kú lábẹ́ rẹ̀. Àánú wọn ṣe é, ẹ̀rù ara rẹ̀ sì bà á.

Ó gòkè lọ ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. Aunty Rosaline ń di ẹrù, ó fẹ́ lọ máa gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Catford. Fèrèsé ilé ìdáná ṣí sílẹ̀ gbayawu, òtútù ń wọlé. Láti ọjọ́ náà kò fọwọ́ kàn án. Látífàt kúnlẹ̀ sí ẹnu ilẹ̀kùn.

"Aunty, ẹ ò sùn bí òkú. Ẹ ò gbọ́ torí pé kò jí yín. Èmi ni mo ní kó má jí yín."

Aunty Rosaline dúró, aṣọ kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo fẹ́ lọ sí sinimá. Mo ní kó bá mi ṣọ́ fire. Dígí ti fog up, kò lè rí nǹkan kan, ìdí tó fi ṣí window sílẹ̀ nìyẹn. Mo gbọ́ ikọ́ ẹ̀, Aunty. Mo gbọ́ ọ kí n tó lọ. Omi wà lẹ́sẹ̀ mi. Mummy mi ti ní kí n dà á. Èmi ni mo tún fi igi olómi yẹn sí i, Mummy mi ò mọ̀."

Aunty Rosaline ká aṣọ kékeré náà, ó tún tú u.

"Nígbà tó o ní kó ṣọ́ ọ, kí ló sọ?"

"Ó kí mi bíi sójà. Ó ní, 'Yes, boss.'"

Ohùn kan jáde lẹ́nu ìyá náà, kì í ṣe ẹkún, kì í ṣe ẹ̀rín.

"Gbogbo òru ni mò ń gbọ́ ọ tó ń pè mí, tí mi ò dá a lóhùn. So, kò pè mí."

"Kò pè yín, Aunty. Ó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu ni."

Aunty Rosaline jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó fi aṣọ kékeré náà bojú, ó sì sun ẹkún tí ó ti ń dù láti sun láti ọjọ́ ìsìnkú. Látífàt kò dìde. Nígbà tí ẹkún náà lọ sílẹ̀, obìnrin náà rìn lọ sí ilé ìdáná, ó di etí fèrèsé mú, ó sì tì í.

"Mi ò ní sọ fún ẹ pé mo ti dárí jì ẹ́," ó ní, ẹ̀yìn ni ó kọ sí i. "O ti wá sọ òtítọ́ fún mi, èmi náà ò ní purọ́ fún ẹ. Bóyá lọ́jọ́ kan. Dìde, lọ sọ fún ìyá ẹ. Ó ti pẹ́ tó ti ń ru ẹrù tí kì í ṣe tiẹ̀."

Ìyá Látífàt kò nà án, kò sì kígbe. Ó gbọ́ ọ títí dé òpin. "Mo rí pákó yẹn," ó wí. "Mo mọ̀ pé èmi kọ́. Mo ń retí pé kó o sọ ọ́ fúnra ẹ." Ó wé gèlè, ó mú ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, àwọn méjèèjì sì lọ bá ọkùnrin káńsù àti ọlọ́pàá, Látífàt sì sọ ohun tí ó ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì buwọ́ lù ú. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì parí títí di àkókò yìí. Wọ́n ṣì ń retí ọjọ́ tí adájọ́ yóò pè wọ́n, orúkọ Látífàt sì ti kúrò ní orúkọ ọmọ dáadáa tí olùkọ́ fi ń ṣe àpẹẹrẹ. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn, àbámọ̀ kò sì jí òkú rí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ gbọ́ ohun tí ìtàn yìí ń sọ. Ìyá tí kò mọ̀ ṣe àṣìṣe, ó sì dùn ún títí dọ́kàn. Ọmọ tí ó mọ̀ ló dákẹ́, nítorí sinimá àti nítorí kí ẹgbẹ́ má baà fi í rẹ́rìn-ín. Ìmọ̀ tí a kò sọ jáde, omi inú korobá ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná: bí ó ti wù kí ó kún tó, bí a kò bá dà á, iná kò ní kú. Nítorí náà, bí o bá mọ̀, sọ ọ́. Bí o bá gbọ́ ikọ́ ẹnìkejì rẹ, dá ohun tí ò ń ṣe dúró. Ẹrù tí wọ́n bá sì fi sí ìkáwọ́ rẹ, má gbé e fún ẹni tí ó kéré sí ọ nítorí pé ó fẹ́ràn rẹ.

Nígbà tí òtútù bá tún dé, tí afẹ́fẹ́ sì dákẹ́, Látífàt a jáde sí àgbàlá tí kò sí àgbá níbẹ̀ mọ́. A gbójú sókè wo fèrèsé àjà kejì, bóyá wọ́n tì í. Àwọn àlejò mìíràn ti ń gbé ibẹ̀ báyìí, wọ́n máa ń tì í, àmọ́ kì í wọlé títí yóò fi wò ó dáadáa.